Táyà Tí Mo Fà Yọ Lábẹ́ Jíìpù

Ẹ pa rédíò yẹn, kí ẹ sì jókòó dáadáa. Ìyàwó mi, fi aṣọ tí o ń ká sílẹ̀. Ìwọ ọmọ mi, fa àga rẹ súnmọ́ mi, kí ọkọ rẹ náà jókòó tì ọ́, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò ní lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ti sọ ọ́ lójú mi pé ọkàn mi kò lágbára mọ́, pé bóyá màá rí òpin oṣù yìí, bóyá mi ò ní rí i. Ikú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí wọ́n gbé mi sin pẹ̀lú irọ́ tí mo fi ba orúkọ àbúrò mi, bàbá tó bí ọ, jẹ́ láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Bàbá rẹ kò kú bí mo ṣe sọ fún yín. Mo mọ bó ṣe kú. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, òótọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí. Má dìde. Bí o bá fẹ́ sunkún, sun ún níjòókòó, kí o ṣáà gbọ́ mi tán.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ìwọ àti ọkọ rẹ wá bá mi nínú yàrá yìí, tí ẹ mú fóònù jáde, tí ẹ fi àwòrán jíìpù kan hàn mí. Jíìpù oníjókòó méje, tó ti rin ìrìn àjò tó pọ̀, ẹ kò sì mọ̀ bóyá kí ẹ rà á tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ọkọ rẹ ní inú rẹ̀ fẹ̀, ó máa gba àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹrù wọn. Ìwọ ní nọ́ńbà tó wà lójú mítà rẹ̀ ń bà ọ́ lẹ́rù. Ẹ ní kí n dá sí i, torí pé iṣẹ́ mi ni. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń mi orí, mò ń ṣe bí àgbà. Ọkọ rẹ wá ní kò sí wàhálà, òun á gbé jáàkì sí i, òun á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó fúnra òun. Lo bá di apá rẹ̀ mú. O ní, “Rárá o. Ìgbàgbé ló pa bàbá mi lábẹ́ ọkọ̀. Èmi náà jọ ọ́, mo máa ń gbàgbé nǹkan, mi ò fẹ́ kí ó kan ìwọ náà.” O rẹ́rìn-ín nígbà tí o sọ ọ́. Látìgbà yẹn ni mi ò ti lè jẹun. Mo gbọ́ irọ́ mi lẹ́nu ọmọ tí mo tọ́, mo sì rí i pé o ti sọ ọ́ di ìwà ara rẹ.

Ẹ mọ irú ọjà tí mo tà títí mo fi darúgbó. Ọkọ̀ àlòkù ni. Tuntun-ni ni wọ́n ń pè mí nínú ọgbà ọkọ̀, torí pé ọkọ̀ tó ń wúkọ́, tí èéfín dúdú ń ti ìdí rẹ̀ jáde, màá fi ọwọ́ gbá a lórí, màá ní, “Tuntun ni!” Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà á. Wọn kò mọ iṣẹ́ tí mo ti ṣe kí wọ́n tó dé. Mo ní ọkùnrin kan tó ń bá mi yí mítà sẹ́yìn. Mo máa ń da ọ́ìlì tó ki sínú ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo kí ó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí irin bá ti dípẹtà, màá ní kí wọ́n jó páànù lé e, màá fi ọ̀dà dúdú kùn ún, màá wá da eruku lé e lórí kí ó lè jọ èyí tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Aṣọ mi mọ́, ẹ̀rín mi dùn, mo sì mọ bí a ṣe ń kí ìyá oníyàá. Olè ni mí. Ẹ má wá orúkọ mìíràn fún un.

Bàbá rẹ, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, òun ni wọ́n ń pè ní Tẹ́tísílẹ̀. Ìwọ kéré nígbà yẹn, o lè má rántí ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òòlù kékeré kan ló fi ń ṣiṣẹ́, òòlù tí kò gùn ju ṣíbí ọbẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá ní kí ó bá òun wo ọkọ̀ tí òun fẹ́ rà, kì í kọ́kọ́ ṣí iwájú ọkọ̀ bíi ti àwọn mẹkáníìkì tó kù. Abẹ́ ló máa kọ́kọ́ wọ̀. Á dùbúlẹ̀ gbalaja, á máa fi òòlù kan ṣáásí, irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ dúró, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, á ní, “Ẹ dákẹ́ ná, ẹ tẹ́tí sílẹ̀.” Irin tó lera á dún kan-in kan-in. Èyí tó ti jẹrà lábẹ́ ọ̀dà á dún pọ̀ọ̀, bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn pákó. Ohun kan sì wà tí kì í fi í ṣeré. Táyà tó bá tú kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kì í gbé e ti ògiri. Abẹ́ ṣáásí ló máa ń tì í sí, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun fẹ́ dùbúlẹ̀ sí, kí ó lè jẹ́ pé bí jáàkì bá já a kulẹ̀, orí táyà ni ọkọ̀ á sọ̀kalẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á jù, á ní, “Jáàkì kì í ṣe ìyá mi, kò sì búra fún mi.” Mi ò rí ọjọ́ kan ṣoṣo tó wọ abẹ́ ọkọ̀ láì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn oníbàárà ló ń mú un wá sínú ọgbà mi, kì í ṣe èmi. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní ọgbà, èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà gbọ́. Ó ti ba ọjà mẹ́ta jẹ́ fún mi lọ́dún yẹn. Ní ẹ̀kẹta, níwájú oníbàárà, ó sọ pé ṣáásí ọkọ̀ mi ti kú. Mo bú u. Mo gbá a létí. Ni mo bá gbé sípánà táyà nílẹ̀, mo là á mọ́ ọn léjìká, ó ṣubú, mo sì ń fi bàtà gbá a níhà títí awakọ̀ kan fi fà mí kúrò lórí rẹ̀. Ó dìde, ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó wá òòlù rẹ̀ nílẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ lè máa nà mí o. Ṣùgbọ́n irin yẹn ti kú.” Ká ní ó nà mí padà lọ́jọ́ náà ni, bóyá inú mi ì bá rọ̀. Kò nà mí. Ó kí mi, ó lọ sílé. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ọmọ ìyá mi tí mo gbé pọ̀n.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni jíìpù yẹn dé. Ẹni tó fẹ́ rà á ni obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì, Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ márùn-ún ló ní, ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ onígbàjámọ̀ ní òpópónà kejì. Obìnrin náà mọ nǹkan í rò. Ìgbà mẹ́rin ló wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fi okùn wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá ó máa gba àwo búrẹ́dì rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kó àwọn ọmọ wá, ó ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan kí òun mọ̀ bóyá wọ́n á jà. Wọ́n jà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú ìyá rẹ̀ wá kí ó wò ó bóyá orúnkún màmá á lè wọ ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Màmá jókòó tán, ó ní òun ò sọ̀kalẹ̀ mọ́, kí wọ́n lọ gbé oúnjẹ òun wá. A rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni ọkọ rẹ̀ wá, tó wo mítà, tó ní ó ti rìn jù. Ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún kìlómítà ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Òótọ́ rẹ̀ ń lọ sí irinwó ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá gé e kù jù, wọ́n á fura, nítorí náà mo fi èyí tó tó láti bà wọ́n lẹ́rù díẹ̀ síbẹ̀, kí ó lè jọ òótọ́. Ẹ wò mí dáadáa, irú ọgbọ́n tí mo ní nìyí. Mo sọ fún ọkọ rẹ̀ pé irú ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó ní, “Ọ̀gá Tuntun-ni, ọmọ márùn-ún ni mo fẹ́ kó sínú rẹ̀. Tí Tẹ́tísílẹ̀ bá ní ó dáa, mo rà á. Tí ó bá ní kò dáa, kí ẹ má pè mí mọ́.”

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Oòrùn ti ń mú. Bàbá rẹ dé pẹ̀lú Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó kí mi bí ẹni pé èjìká rẹ̀ kò dùn ún rárá, àmọ́ mo rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń gbé nǹkan. Torí èjìká yẹn, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa jáàkì.” Bí jáàkì ṣe bọ́ sí ọwọ́ mi nìyẹn o. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan jáàkì rẹ̀. Èmi ló jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, torí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí pé mo ti fi sípánà ba èjìká rẹ̀ jẹ́. Mo fa iwájú jíìpù náà sókè. Ó tú táyà ẹsẹ̀ òsì, ó tì í sábẹ́ ṣáásí, ó fi ẹsẹ̀ mì í wò bóyá ó jókòó dáadáa. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń wò ó. Ó wá ní òun fẹ́ lọ pe ọkọ òun ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè jọ gbọ́ èsì. Ó jáde. Ó ku èmi àti bàbá rẹ nínú ọgbà, ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mò ń rí.

Ó ń kan irin lọ. Ó dún kan-in, ó dún kan-in, ó wá dún pọ̀ọ̀. Ó tún kàn án. “Bọ̀dá, ibí yìí ti kú o. Wọ́n jó páànù lé e. Ọ̀dà yìí ò tíì gbẹ dáadáa, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ sí i?” Mo ní, “Jáde wá ká sọ̀rọ̀.” Ó ní, “Mi ò tíì ṣe tán.” Mo ní, “Mo ní kí o jáde!” Kò jáde. Ó ní, “Ọmọ márùn-ún, Bọ̀dá. Ọmọ márùn-ún àti màmá àgbàlagbà. Tí ọkọ̀ yìí bá fi eré bọ́ sí kòtò kan, á ṣẹ́ sí méjì ni. Màá sọ fún obìnrin yẹn. Màá sì sọ fún gbogbo ọgbà yìí nípa mítà tí ẹ̀ ń yí, ó ti tó gẹ́ẹ́.” Ó wá fi òòlù gbá páànù tí mo jó lé e, ó sì fi ohùn mi sọ ọ́, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́: “Tuntun ni!” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àbúrò sí ẹ̀gbọ́n lásán ni, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ojú mi sì ṣókùnkùn.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo di táyà yẹn mú, mo fà á. Ó wúwo, ó ha ilẹ̀ wọ́ọ́. Ó gbọ́. Ó ní, “Bọ̀dá, kí lẹ̀ ń wọ́?” Mo ní mo fẹ́ gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ dá a padà síbẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́,” ó sì tún ń kan irin lọ. Ṣé o gbọ́ mi, ọmọ mi? Ó ní kí n dá a padà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, torí ó gbà pé bí òun bá ti ní kí n dá a padà, màá dá a padà. Mo gbé táyà náà ti ògiri. Mo padà síbi jáàkì. Ìdí rẹ̀ ní nọ́ọ̀tù kékeré kan, tí èèyàn bá ti tú u, ọ́ìlì inú rẹ̀ á padà, ọkọ̀ á sì wálẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni, pé mo fẹ́ kí ọkọ̀ rọ̀ díẹ̀ kí ó lè sá jáde. Irọ́ ni. Ẹni tó kàn fẹ́ dẹ́rù ba èèyàn kì í kọ́kọ́ wo géètì bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Mo wo géètì. Kò sí ẹnì kankan. Mo tú nọ́ọ̀tù náà, mi ò tú u díẹ̀, mo tú u tán.

Jíìpù náà já wálẹ̀ gbì. Ilẹ̀ mì. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ta sókè lẹ́ẹ̀kan, bàtà rẹ̀ kan sì fò dànù. Mo gbọ́ tí egungun dún. Mo rò pé ó ti parí, àmọ́ kò tíì parí. Ó ń mí. Ó fi gìgísẹ̀ ń ha sìmẹ́ǹtì, ó ń wá ibi tí á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ó lè ti ara rẹ̀ jáde. Ó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré: “Bọ̀dá mi, jáàkì ti yọ̀ o. Ẹ gbé e.” Jáàkì ti yọ̀, ó ní! Òun tó wà lábẹ́ irin, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti imú àti ẹnu rẹ̀ jáde, kò lè rò ó pé èmi ni. Ọ̀pá jáàkì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fún nọ́ọ̀tù yẹn padà, kí n fa ọ̀pá náà bí ìgbà mẹ́wàá, ara rẹ̀ á kúrò lábẹ́ irin. Mo dúró. Ó tún ní, “Bọ̀dá mi.” Mo dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìdajì rẹ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ń ha ilẹ̀, ó ń ha á, ó ń ha á, ó wá dẹ́kun. Ìgbà tó dẹ́kun tán ni mo tó fún nọ́ọ̀tù, ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa jáàkì, ni mo tó figbe ta. Mo sunkún, mo gbá orí mọ́ ara ọkọ̀ títí iwájú orí mi fi bẹ́. Àpá rẹ̀ rèé. Ẹkún yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn o, omi ojú mi jáde tinútinú, ọwọ́ tí mo fi ń nù ún sì ni ọwọ́ tí mo fi tú nọ́ọ̀tù.

Nígbà tí àwọn èèyàn máa fi dé, táyà wà lára ògiri. Kò sí ẹni tí mo nílò láti parọ́ fún púpọ̀. Àwọn ọlọ́pàá wò ó, wọ́n ní ó gbàgbé láti gbé e sábẹ́ ọkọ̀. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbàgbé.” Ọ̀rọ̀ méjì péré. Láti inú ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ṣe ìpàdé, alága wọn dìde, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe bíi Tẹ́tísílẹ̀ tó fi àìbìkítà pa ara rẹ̀. Wọ́n fi ọkùnrin tó ṣọ́ra jù nínú gbogbo wọn ṣe àpẹẹrẹ aláìbìkítà, mo wà níbẹ̀, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ti ìyá rẹ wá burú ju ìyẹn lọ. Ó sọ fún mi pé wọ́n jà láàárọ̀ ọjọ́ náà lórí ẹni tó máa lọ mú ọ nílé ìwé, pé òun pariwo lé e lórí, pé ó jáde láì jẹun. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, “Bọ̀dá, èmi ni mo da ọkàn rẹ̀ rú. Èmi ni mo pa á.” Ẹnu mi wà níbẹ̀ tí ǹ bá fi sọ òótọ́. Mo ní kí ó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, mo wá fi kún un pé ọkàn ọkọ rẹ̀ kò sí lára iṣẹ́ lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti irin mìíràn lé obìnrin yẹn láyà, ó sì wà lábẹ́ rẹ̀ títí di òní. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti gbọ́njú, o ò gbọ́ kí ìyá rẹ pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí táyà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Ọ̀gá, mo rí i tó ti táyà sábẹ́ ọkọ̀ kí n tó jáde. Ta ló gbé e kúrò?” Mo ní ó ṣì í rí. Ó ní òun ò ṣì í rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń ti búrẹ́dì sínú ààrò. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fún un lọ́rùn mọ́ ògiri, mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ẹnu ààrò tó ti pọ́n. Ó ké, mo fi àpò ìyẹ̀fun dí i lẹ́nu. Mo ní, “Ọmọ márùn-ún lo ní, mo mọ ilé ìwé wọn. Kí lo rí?” Òórùn ẹran ara rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ti búrẹ́dì. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó mi orí pé òun ò rí nǹkan kan. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti kó ọkọ, ọmọ àti ìyá rẹ̀ kúrò ládùúgbò, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n lọ. Ìyàwó mi, o ti bi mí títí ìdí tí mi ò fi lè fi búrẹ́dì sẹ́nu. O ti gbọ́ ọ báyìí.

Jíìpù náà ńkọ́? Mo fọ̀ ọ́. Mo fi ọ̀dà mìíràn kùn ún, mo tún yí mítà rẹ̀, mo tà á fún tọkọtaya kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ní ọmọ ọwọ́. Àwọn náà bi mí bóyá kí àwọn rà á. Mo gbá a lórí, mo ní tuntun ni. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n yè. Lẹ́yìn náà ni mo wá mú ìwọ sọ́dọ̀ mi. Mo rán ọ nílé ìwé, mo ra bàtà fún ọ, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, gbogbo ayé ń yìn mí pé mo ṣe bí ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, o kúnlẹ̀ níwájú mi, o dúpẹ́ pé mi ò jẹ́ kí o mọ̀ pé o ò ní bàbá. Mo gbé ọwọ́ yìí lé ọ lórí, mo sì súre. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ọmọ mi, mi ò parọ́ ìyẹn, àmọ́ ìfẹ́ yẹn náà, orí ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ ni mo gbìn ín sí.

Ẹ ní kí n bá yín dá sí ọ̀rọ̀ jíìpù. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ ṣì kéré. Kì í ṣe kìlómítà ló ń pa èèyàn. Ọkọ̀ tó ti rin ọ̀nà jíjìn lè sìn yín fún ọdún mẹ́wàá bí ẹni tó ń tà á bá sọ òótọ́ rẹ̀ fún yín. Ẹ wá ẹni tó máa wọ abẹ́ rẹ̀, tí kò mọ ẹni tó ń tà á, tí kò sì bẹ̀rù rẹ̀. Kí ọlọ́jà dúró jìnnà sí jáàkì. Bí ẹni tó wọ abẹ́ rẹ̀ bá sì sọ ohun tí ẹ ò fẹ́ gbọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé. Ìwọ ọkọ ọmọ mi, bí inú bá ń bí ọ lọ́jọ́ kan tí o rí i pé o ń wo géètì, ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ kí o sì sáré. Èmi ò sáré.

Mo ti ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, wọ́n máa wá kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ lọ́la bí mo bá jí. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì pẹ̀lú. Àmọ́ ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ pè, ó máa dé láìpẹ́, kò sì mọ ìdí tí mo fi pè é. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún un lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tó rọra ń jáde yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ọmọ mi, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Mò ń tọrọ rẹ̀, mò ń tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èémí tó kù nínú mi, àmọ́ mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí o bá sì jáde láì wẹ̀yìn, mo gbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ìta. Lọ pàdé rẹ̀. Má jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kí mi, má jẹ́ kí ó kúnlẹ̀ fún mi. Dì í mú, kí o sì sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kò gbàgbé, pé ọkàn rẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀ títí dé òpin, pé kò sí ohun tó sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà tó pa á.